Iná Mẹ́ta fún Ẹnì Kan

Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ó dífá fún "Ìwọ ta nì yẹn?" Bí àwọn àgbà ti wí nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọmọdé lè fi "ìwọ" pe ọba láìmọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n òkùnkùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ju ti orí ilẹ̀ lọ. Òkùnkùn orí ilẹ̀ a máa ní ìràwọ̀. Bí kò bá sì sí ìràwọ̀, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lè jókòó sójú kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òkùnkùn inú ihò àpáta tí omi kún kò ní ilẹ̀ mímọ́. Ẹni tí ó bá jókòó sójú kan níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀n sẹ́yìn ni yóò tán.

Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ni mo ti mọ òkùnkùn náà. Ìlú Gainesville, níbi tí Yunifásítì Florida wà, ni mo ń gbé nígbà náà, kò sì jìnnà sí àwọn orísun omi ńláńlá tí ó wà lẹ́bàá odò Santa Fe. Òkúta ẹfun ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Omi ti jẹ òkúta yìí láti ayébáyé, ó ti sọ ọ́ di ihò tí ó yà síhìn-ín tí ó yà sọ́hùn-ún bí ọ̀nà oko. Omi náà mọ́ gaara, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kì í sì kúrò ní nǹkan bí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìbáà ṣe ìgbà ooru, ìbáà ṣe ìgbà òtútù. Àwọn amòòkùn a máa pọn àgbá afẹ́fẹ́, wọn a sì wọ inú ihò wọ̀nyí lọ. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni wọ́n ń wá, n ó ní ohun tí ẹni tí ń gun òkè ń wá lórí òkè náà ni.

Ibìkan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ginnie Springs. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ ihò lè gbé tọ́ọ̀ṣì wọ̀, nítorí pé wọ́n ti fi irin dí ọ̀nà inú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ní ihò kejì, tí ọ̀kan nínú ẹnu rẹ̀ ń jẹ́ Devil's Eye, òfin wọn ni pé amòòkùn tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí ihò kò gbọdọ̀ mú iná kankan dání. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó yà mí lẹ́nu. Ṣé ẹni tí kò mọ ọ̀nà ni a ó tún gba àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìgbà tí mo rò ó dáadáa ni ó tó yé mi. Ẹni tí kò ní iná yóò dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn dé. Ẹni tí ó ní iná kan ṣoṣo ni yóò máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kí n kàn yọjú wo ìyànà yìí." Iná tí ń tàn a máa tan ènìyàn jẹ.

Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ṣe é ní òfin pé ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iná mẹ́ta, ó kéré tán: ìyá iná kan tí yóò máa lò, àti iná àpamọ́ méjì. Òfin yìí kì í ṣe àbá orí tábìlì. Sheck Exley, ọmọ Florida kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ìmòòkùn ihò, ṣe ìwé kékeré kan ní 1979, nínú èyí tí ó ti ń tú ikú àwọn amòòkùn yẹ̀ wò, tí ó sì ń wá ohun tí ó pa wọ́n. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni ó bí àwọn òfin tí a ń lò: kí okùn ìtọ́nà má ṣe já láti ẹnu ihò dé ibi tí a dé, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ lọ, kí a fi ìdá kan bọ̀, kí ìdá kẹta wà fún aburú, kí iná má sì dín ní mẹ́ta.

Nígbà tí mo fẹ́ ra tèmi, owó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ń tajà gbé ìyá iná kan kalẹ̀, ó sì ń ka iye lumen rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní ìmòòkùn wà níbẹ̀, àgbà obìnrin kan tí wọ́n ti ń wọ ihò kí a tó bí mi. Wọn kò bá ọlọ́jà jiyàn. Wọ́n kàn bi mí pé, "Èwo nínú wọn ni yóò mú ọ délé?" Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ra àwọn kékeré, nítorí pé ìyá iná ṣeé háyà títí owó yóò fi dé.

Mo wá mọ̀ pé iná àpamọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́n jù. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ó ní. Orí rẹ̀ ni kí a máa yí kí ó tó tàn, kì í ṣe bọ́tìnnì tí ó lè tẹ ara rẹ̀ nínú àpò. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè tàn ju gbogbo àkókò tí a ó lò lábẹ́ omi lọ. Bátìrì tí à ń lò tí à ń sọ nù sì dára fún un ju èyí tí à ń fi iná sí lọ. Bátìrì lithium tí à ń fi iná sí a máa mọ́lẹ̀ rekete títí dé òpin, a sì kú lójijì. Ṣùgbọ́n ti alákàálì a máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń lọ. Èyí tí ó ń rẹ̀ ń kìlọ̀. Àyà ni à ń so méjèèjì mọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ọwọ́ lè rí wọn láìsí ojú. Ọ̀gá mi mú kí n di ojú, kí n tú wọn, kí n tàn wọ́n, kí n sì so wọ́n padà, títí ó fi sú mi.

Ìyá iná ní tirẹ̀ ni à ń gbé sẹ́yìn ọwọ́ òsì, tí okùn rẹ̀ lọ bá bátìrì ńlá ní ìbàdí. Kì í ṣe pípọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni kí a wò, bí kò ṣe bí ó ti ṣù jọ. Ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́ mọ̀ pé bí ó bá tan iná ńlá, ojú ara rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń padà sí. Bẹ́ẹ̀ ni nínú omi tí ẹrẹ̀ ti rú: iná tí ó fọ́n ká a fọ́ni lójú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣù jọ bí ọ̀pá a la ẹrẹ̀ kọjá. Ní àtijọ́, gílóòbù gbígbóná tí kò gba ìkọlù ni à ń lò. LED ni ó lé wọn lọ. Akasaki, Amano àti Nakamura, àwọn ọmọ Japan mẹ́ta tí ó ṣe LED aláwọ̀ búlúù tí ó sọ ìmọ́lẹ̀ LED funfun di ohun tí ó ṣeé ṣe, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2014.

Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ yìí náà ni ẹnu wa lábẹ́ omi. Bí mo bá fi ya òrùka sára ògiri, àlàáfíà ni. Bí mo bá ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún kíákíá, wàhálà dé.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí a ti rìn wọ inú ihò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá iná mi kú. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀, ó sì dára. Omi ni ó gba ibi tí okùn rẹ̀ ti wọ orí. Ọwọ́ mi ti dé àyà mi kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo yí orí èyí kékeré, ó tàn, mo sì fì í sí ẹnìkejì mi. Ó yíjú padà. Okùn ìtọ́nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ wa pọ̀, iná márùn-ún ṣì wà láàrin wa. Iyàrá ńlá tí a tìtorí rẹ̀ wá kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ níwájú. Ẹnìkejì mi kò tíì rí i rí, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó sì kù kí ó padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó wo ọ̀nà iwájú. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ láàrin àwa amòòkùn kì í ṣe "ó dára," bí kò ṣe "ó tán, ilé yá." A kì í bá ẹni tí ó bá fi àmì yẹn hàn jiyàn. A yí padà.

Títí di òní kò tíì rí iyàrá náà. A ṣì ń kọ̀wé sí ara wa. Ọ̀rẹ́ kan bi mí rí pé kí ni a fi iná márùn-ún ṣe tí a kò fi lọ. Mo ní iná àpamọ́ kì í ṣe ti àlọ, ti àbọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi ti àbọ̀ lọ, kí ni yóò fi bọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lásán ni èyí. Ní oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé nínú òkun ilẹ̀ wa lẹ́bàá Escravos, ó sì rì tó nǹkan bí 30 mítà. Ènìyàn méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, ẹni tí ń se oúnjẹ fún wọn, rí ibi tí afẹ́fẹ́ kékeré há sí, ó sì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn birimùbirimù fún nǹkan bí 60 wákàtí. Òkú ni àwọn amòòkùn wá gbé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lára amòòkùn ni Okene rí kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Nínú àwọn méjìlá, òun nìkan ni ó yè. Nígbà tí mo wo àwòrán ọjọ́ náà, kì í ṣe bí iná yẹn ti mọ́lẹ̀ tó ni mo ń rò, bí kò ṣe pé ó dé ibẹ̀, ó sì tún padà jáde.

Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀, a kò nílò olùkọ́ láti mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kò sí ilé tí kò ní àbẹ́là lẹ́yìn àtùpà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ ra èyí tí yóò mú un délé. Bí owó kò bá sì tíì tó ra mẹ́ta, kí ó dúró síbi tí oòrùn dé. Ẹja wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.