Ọwọ́ Aláró Nínú Iṣẹ́ Wa

Nọ́ọ̀sì àwọn tí àìsàn ọkàn ń dà láàmú ni mí, ọmọ Ìtòkú, agboolé aláró. Ìtọ́jú òyìnbó ti pẹ́ l'Ábẹ́òkúta: 1895 ni Fádà Coquard dá ilé ìwòsàn Sacred Heart tó wà ní Lántòrò sílẹ̀. Ti ọkàn gan-an ni kò tètè dé. Nígbà tí mo wọṣẹ́, etí dókítà àti bébà ECG tó ń kọ bí ọkàn ṣe ń lù la gbójú lé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè nà sùn lóru, àwọn ẹbí rẹ̀ á ní ọwọ́ ayé ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba. Ní 2008, àwọn dókítà ibẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí lára ènìyàn 1,441 jáde: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba ọkàn wọn jẹ́ lé ní ìdajì. Láti ìgbà yẹn la ti ní ohun tí a lè fi han ẹbí.

Wíwo ọkàn yàtọ̀ sí títún un ṣe. Ní 1977, Andreas Grüntzig la iṣan ọkàn tó dí ní Zurich láìla àyà. Itan ni wọ́n ń gbà ti wáyà wọlé nígbà náà. Bí wọ́n bá ti yọ wáyà, aláìsàn á dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ kò. Ní 1992, Ferdinand Kiemeneij gba ọrùn ọwọ́ fi stent, ìyẹn páìpù kékeré tó ń mú kí iṣan ṣí sílẹ̀, sínú iṣan ọkàn ní Amsterdam. Ìyẹn ló tú wa sílẹ̀. Rọ́bà oníafẹ́fẹ́ la ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́, a ó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, aláìsàn á jókòó, á máa mu tíì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá dúró dáadáa lè sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, Tristate, ilé ìtọ́jú ọkàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamar Adeleke dá sílẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ ọkàn nínú ọgbà Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn.

Ní ọjọ́ kan, ìyá aláró kan wá láti àdúgbò wa fún irú iṣẹ́ yìí. Kí a tó gba ọwọ́ wọlé, a máa ń tẹ iṣan méjèèjì pa, kí a wò bóyá àtẹ́lẹwọ́ á tún pọ́n bí a bá tú ọ̀kan sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ó tó, ẹ ṣí i."

Aró ti bo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó ti wọ èékánná, ẹ̀rọ tí à ń há mọ́ ìka láti ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kò rí nǹkan kà. A gbé e sí etí wọn, a sì fi ẹ̀rọ àwòrán wo iṣan.

"Ọmọ mi, ṣé màá dé ìsọ̀ lọ́la?"

"Ẹ lè jókòó ní ìsọ̀, Ìyá. Ọwọ́ yìí ò gbọdọ̀ kan ìkòkò aró títí ojú rẹ̀ á fi jiná."

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ yẹn ni mo ń bá àwọn tó ń kọ́lé ìwòsàn sọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ni kò ní gbà láti sùn sí wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n wọ́n á gba ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń mú ìyẹn ṣeé ṣe. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí yàrá iṣẹ́ ṣófo lọ́sàn-án nítorí pé kò sí bẹ́ẹ̀dì tí a ó gbé ẹni tí a bá ṣe tán sí. Ẹ kọ́ yàrá ìsinmi tó gbòòrò, àga tó ṣeé nà sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kó sí i. Ẹ wá ibùsùn sí tòsí fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Kí nọ́ńbà nọ́ọ̀sì òru sì wà nínú ìwé tí aláìsàn ń mú lọ sílé, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè tún yọ ní aago méjì òru.