Àwọn Tó Ń Sùn Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ìyá mi ló rán mi níṣẹ́. Àgùdà ni wọ́n, ọmọ Campos pọ́ńbélé l'Ékòó, Holy Cross Cathedral ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún wọn. Bàbá mi ní tiwọn, mùsùlùmí Òkè-Pópó ni wọ́n, kò sí òjò tó lè dí wọn lọ́wọ́ ìrun àsùbá. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn. Ṣebí Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tó wà ní Martins Street, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà kan tó ti Brazil dé, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Nílé wa, bó bá di Gúdì Fúráìdè, ìyá mi á se fíréjọ̀n: ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀ dẹ̀ẹ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n tún fi omi àgbọn gbé kaná títí tó fi ki. Bàbá mi á bu ọbẹ̀ ẹlẹ́ja lé e, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀. Tí Iléyá bá sì dé, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Bámgbóṣé Street ló máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ wá béèrè ìpín wọn.

Ìyá mi gbọ́ pé mo ń lọ lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Peckham ní London, wọ́n ní kí n bá àwọn ya ilé àwọn mọ́ńkì tí Bàbá Tansi gbé, kí n gbàdúrà lójú oórì rẹ̀. Cyprian Michael Iwene Tansi ni wọ́n ń sọ, fádà ọmọ Ìgbò tí Póòpù John Paul Kejì wá kéde ní ẹni ìbùkún ní Oba, lẹ́bàá Onitsha, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1998. Mo ní, "Màmá, wọ́n ti hú òkú yẹn kúrò níbẹ̀ láti 1986. Onitsha ni wọ́n gbé e lọ."

Wọ́n wò mí. "Ilẹ̀ tó fi ọdún 22 sùn sí ńkọ́? Ṣé wọ́n hú òun náà lọ ni?"

Láti St Pancras ní London, rélùwéè gbé mi dé Leicester láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀. Mo wọ takisí láti ibẹ̀ lọ sí apá Coalville, ìlú àwọn awakùsà èédú tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó ti àwọn ihò náà pa ní àwọn ọdún 1980. Awakọ̀ rí fìlà mi, ó sálámà sí mi, mo dá a lóhùn. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ó ní kí ni mùsùlùmí ń wá lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì. Mo ní ìyá mi ló rán mi. Kò béèrè nǹkan mìíràn títí a fi dé.

Orí ilẹ̀ olókùúta kan ní Charnwood Forest ni Mount Saint Bernard Abbey, ilé mọ́ńkì tí Tansi gbé, wà. Ọba Henry Kẹjọ ló tú gbogbo ilé mọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, tó gba ilẹ̀ àti dúkìá wọn. Ó kù díẹ̀ kó pé 300 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn Cistercian, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1098, tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1835. Augustus Pugin, tó wà lára àwọn tó ya àwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin London, ló ya àwòrán ilé náà fún wọn.

Wọn kì í dá iye lé àlejò. Òfin Benedict Mímọ́ tí àwọn mọ́ńkì náà ń tẹ̀ lé, tó ti wà láti nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, ní kí wọ́n gba àlejò bí ẹni pé Jésù fúnra rẹ̀ ló kanlẹ̀kùn. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ni wàá fi sílẹ̀ bí o bá ń lọ. Fádà tó ń mójú tó àlejò béèrè bóyá nǹkan kan wà tí n kì í jẹ. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn gan-an kì í jẹ ẹran. Mo wá béèrè ibi tí n óò kọjú sí tí mo bá fẹ́ kírun. Ó ní kí n dúró. Ó padà dé tòun ti kọ́ńpáàsì àtijọ́ kan tí wọ́n so mọ́ okùn bàtà, ó gbé e sójú fèrèsé, ó dúró títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi fara balẹ̀, ó wá nawọ́ sí kọ̀rọ̀ tí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wà. Àwa méjèèjì la jọ tì í kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń tì í ló ń bi mí bí ìjọ Àgùdà ṣe dé Èkó. Mo sọ fún un pé kí àwọn fádà ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA tó wá fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1868, ọkùnrin kan tó ti ṣẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ti ń kó àwọn tó ti Brazil dé jọ ṣàdúrà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fádà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn. Ó tún un sọ fún ẹlòmíràn níṣojú mi lọ́jọ́ kejì.

Oòrùn oṣù kẹfà ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. L'Ékòó, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ kì í ṣú jìnnà sí agogo méje alẹ́. Ní Leicester lóṣù kẹfà, agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ á kọjá kí oòrùn tó wọ̀, kò sì ní í pé agogo márùn-ún ìdájí tí yóò tún fi yọjú. Èmi tí mò ń kírun wá di ọdẹ òru: ìṣáì, nǹkan bí agogo mọ́kànlá, àsùbá, nǹkan bí agogo mẹ́ta. Agogo mẹ́ta ààbọ̀ sì ni àwọn mọ́ńkì ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà tiwọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà tán ni agogo wọn dún. Mo kẹsẹ̀ bọ bàtà, mo tẹ̀lé wọn.

Arúgbó pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan tó ń tẹ̀pá ló kọ́kọ́ dé, ó ti jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ́ etí ìwé rẹ̀ tó ti ká. Apá méjì ni wọ́n pín sí, wọ́n kọjú síra nínú aṣọ funfun gbọ̀gbọ̀rọ̀. Apá kan á kọ ẹsẹ Sáàmù kan, apá kejì á gbà á, kò sí ẹni tó ń sáré ju ẹnì kejì lọ. Ìgbà méje ni wọ́n ń péjọ báyìí lójúmọ́, Mísà kò sí lára rẹ̀. Márùn-ún ni tiwa, mo dákẹ́.

Ìgbà ooru niṣẹ́ pọ̀ jù: koríko, ọgbà ẹ̀fọ́, oyin. Màlúù ni wọ́n ń sìn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń ta wàrà, owó rẹ̀ kò gbé wọn mọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ ní 2014. Ní 2018 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà tí wọ́n fi orúkọ pápá tí àwọn àkọ́kọ́ wọn tẹ̀dó sí pè ní Tynt Meadow, ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọtí. Mo gbé ìgò rẹ̀ yẹ̀ wò, mo dá a padà. Ìyá mi kò rán mi ní ìyẹn.

Mo bá ọ̀kan nínú wọn tu èpò nídìí àlùbọ́sà. Ó ku apá ìlà kan, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Agogo dún. Ó gbé ọkọ́ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Mo ní ká parí ìlà yẹn ná. Ó ní bí a bá parí ẹ̀, òmíràn á tún kù, ó sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Benedict ṣe pa á láṣẹ: bí wọ́n bá ti gbọ́ agogo, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ ni kí wọ́n jù sílẹ̀.

Léèsì ni bàbá mi ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Bí ladánì bá ti pe alásárì, wọ́n á fi ọ̀pá ìwọnṣọ dábùú ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kódà kí oníbàárà ti ka owó sọ́wọ́. Òmíràn á fi ìbínú wọ ṣọ́ọ̀bù kejì. Àwọn aládùúgbò á ní, "Alájì, ẹ̀yin lẹ̀ ń lé ọjà yín o!" Bàbá mi á ti máa ṣe àlùwàlá lọ.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ayé mọ́ńkì ti le. Jíjí lóru kọ́. Ta ni ò lè jí lóru l'Ékòó, níbi tí àwọn aláta Jánkárà ti máa ń dìde kí àkùkọ tó kọ? Kí èèyàn fi iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù díẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kó má kùn, kó má sì yọ́ padà wá parí rẹ̀, ìyẹn ni mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe.

Agogo méje ààbọ̀ alẹ́ ni àdúrà ìkẹyìn. Wọ́n kọrin sí Màríà, olórí wọn wọ́n omi mímọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ́n sí àwa àlejò náà. Ó bà mí létí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ dópin títí di àárọ̀. Wọ́n lọ sùn, oòrùn sì ń ràn yòò níta. Màgàríbà kò tíì wọlé fún èmi.

Fádà tó ń mójú tó àlejò ló fi ibi tí Tansi ti sùn hàn mí, láàárín àwọn àgbélébùú kéékèèké tó jọra wọn. Ọdún 1903 ni wọ́n bí i, ọdún 1937 ló di fádà. Ó ti ń darí páríìṣì, ó ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di onígbàgbọ́. Òun ló ṣe ìrìbọmi fún ọmọdé kan tó wá di Kádínà Francis Arinze. Ní 1950 ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá sínú òtútù yìí, ó ń gbé àwo oúnjẹ síwájú àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ìrètí rẹ̀ ni pé àwọn mọ́ńkì yóò lọ dá irú ilé yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí òun bá wọn padà. Nígbà tó yá, Bamenda ní Kamẹrúùnù ni wọ́n lọ ní 1963. Wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun níbẹ̀, àìsàn kò jẹ́ kó lọ, ó kú sí ọsibítù ní Leicester ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1964. Àwọn tó kọ̀tàn rẹ̀ máa ń yára kọjá níbí lọ sórí ìwà mímọ́ rẹ̀. Èmi kò lè yára. Ìlà àlùbọ́sà ni mo bínú sí. Ilé ara rẹ̀ ni tiẹ̀.

Mo pe ìyá mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí n fi àwọn sí sípíkà, kí n gbé fóònù sílẹ̀ kó kan ilẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀. Wọ́n ka rósárì lóhùn gooro, jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́yìn wọn, ẹnì kan sì ń polówó ẹ̀kọ tútù kọjá lábẹ́ fèrèsé, ohùn rẹ̀ dún gbangba láàárín àwọn àgbélébùú. Fádà tẹ́rí ba, ó dúró títí wọ́n fi ṣe àmín.

"Níbo lo ní wọ́n gbé e lọ ná?"

Mo ní Onitsha.

"Mọ́tò Onitsha máa ń gbéra ní Jibówú láàárọ̀ kùtù," wọ́n ní. "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"