Èébù Tí A Kò Gbọdọ̀ Jẹ Tán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí wà lára àwọn tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń tú palẹ̀ lọ́dọọdún bí ìdánwò àṣekágbá bá ń súnmọ́ etílé. Wọn a sọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọn a sọ ibi tí a ti lè pa á, wọn a sì gba máàkì wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí olùdánwò kì í bi wọ́n: kí ni ó ń lé ebi kúrò nínú ìṣẹ́? Ṣé ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni, àbí onírúurú oúnjẹ? Ọ̀pọ̀ yàtọ̀ sí onírúurú. Ìyàtọ̀ náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, nítorí mo gbà pé orí rẹ̀ ni ìgbé-ayé àgbẹ̀ ọlọ́kọ́ àti àdá ní ilẹ̀ Èkìtì dúró lé.

Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, tí a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a sì fi Adó ṣe olú-ìlú, ni ilé ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ oko. Síbẹ̀, ìlú oníyán ni Adó. Èkìtì kì í fi iyán ṣeré, kódà a ní ọ̀nà tiwa láti pe iṣu: 'usu' ni à ń pè é nílé, bí olùkọ́ èdè tilẹ̀ ń kìlọ̀ fún wa pé fáwẹ́lì 'u' kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹni tí ó bá mọ èdè kan dáadáa ni ó lè mọ ohun tí ó ń sọnù nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ orúkọ irú iṣu mẹ́fà sílẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí kì í jẹ iyán láàrin wọn. Àwọn kan kọ méjì, àwọn kan kọ ẹyọ kan. Ọmọkùnrin kan kọ 'iṣu funfun, iṣu pupa, iṣu ńlá, iṣu kékeré, iṣu Àbújá àti iṣu sísun'. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tí kò mọ ewùrà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí ewùrà bá parẹ́ lójú oko? Ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kì í ṣàfẹ́rí rẹ̀.

Ìyá tí ó bí mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ iṣu bí olùkọ́ ti í mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀. Oko rẹ̀ ní ọ̀nà Ìjàn kò tó ékà méjì. Gàǹbàrí ni ó ń kọ́kọ́ wà, fún iyán àti fún ọjà. Ìgángán, tí inú rẹ̀ pọ́n, a máa pẹ́ nínú ilẹ̀ tó nǹkan bí ọdún kan. Ewùrà kò ṣeé gún bí iṣu funfun, ṣùgbọ́n ó ń ta ní ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, ó sì ń pẹ́ nínú àká. Èsúrú ní tirẹ̀ kò ní sùúrù: bí a bá ti wà á, a ní láti sè é kíá, nítorí bí ó bá sùn fún ọjọ́ díẹ̀, yóò le bí igi. Láàrin ebè ni ẹ̀gúsí, ilá àti ata wà. Òtílí wà ní ẹ̀bá oko. Wọ̀rọ̀wọ́ sì ń hù lábẹ́ òjìji kòkó, níbi tí oòrùn kò ti lè pa á lára. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè pe irú oko bẹ́ẹ̀ ní wúruwùru. Ètò wà níbẹ̀. Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí oko náà kò ní ohun tí ó lè fi sínú ìkòkò, títí kan àkókò tí iṣu èṣí ti tán tí titun kò sì tíì ta.

Mo rántí ọdún tí òjò dá lẹ́yìn tí a gbin àgbàdo. Ọkà gbẹ lórí ìdúró. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n fi gbogbo oko gbin àgbàdo fún ọjà jẹ gbèsè. Ìyá mi náà pàdánù àgbàdo tirẹ̀, ṣùgbọ́n òtílí kò kú, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ jìn nínú ilẹ̀. Ewùrà náà sì farada ọ̀dá títí òjò fi padà. Owó òtílí àti owó ewùrà ni ó fi san owó ìdánwò mi ní ọdún náà. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi ń jẹun lónìí, lára onírúurú ni ó ti wá.

Àbúrò mi ni ó ń dáko náà báyìí, nítorí orúnkún kò jẹ́ kí ìyá wa lè kọ ebè mọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó wá bá wa pé òun fẹ́ fi gbogbo oko gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn tí ń ra ẹ̀gẹ́ fún gàrí a máa gbé ọkọ̀ wá sí oko fúnra wọn. Owó àpapọ̀ ni wọ́n ń san. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ iṣu tí yóò parun fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n orúkọ iṣu kò ṣeé san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba owó oṣù tí ó sì ń pàṣẹ fún àgbẹ̀ pé kí ó máa pa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ ni. Ìyá wa ni ó dá a lóhùn. Ó ní, "Gbin ẹ̀gẹ́ rẹ, ọmọ mi, n kò kọ̀. Ṣùgbọ́n èébù tí o bá jẹ tán lónìí, ọwọ́ ta ni o fẹ́ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́la?"

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ ìyá yìí dáadáa, nítorí kì í ṣe òwe lásán. Ẹ̀wà àti àgbàdo ṣeé sá gbẹ kí a sì fi pamọ́ fún ọdún púpọ̀. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Èébù ni à ń gbìn, èébù sì jẹ́ ara iṣu fúnra rẹ̀. Bí ọdún bá yí po tí a kò gbìn ín, yóò hù dànù tàbí kí ó jẹrà. Nítorí náà, irú iṣu kan kò nílò ọ̀tá kí ó tó parun. Kí gbogbo àwọn tí ó ní in lọ́wọ́ ṣáà gbàgbé láti gbìn ín fún ọdún kan tàbí méjì, ó parí. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n ń yọ èébù sọ́tọ̀ lọ́dọọdún ni àká tí ó tíì dára jù fún un.

Ogún ńlá sì ni. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní 2019 lórí àbùdá iṣu fi hàn pé láti ara iṣu inú igbó ni a ti rí iṣu funfun, àti pé ìhà odò Ọya, ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, ni àwọn baba ńlá wa ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Wọn kò ní yàrá ìwádìí. Wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń yàn, wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ó ń kú lẹ́nu àwọn ọmọ wa jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n kan tí a ń sọ nù.

Ayé ti rí ohun tí ń bẹ lẹ́yìn oko tí ó gbẹ́kẹ̀ lé irúgbìn kan. Ní ilẹ̀ Ireland, ànàmọ́ òyìnbó ni tálákà ń jẹ, irú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbìn. Ní 1845 àrùn kan wọ inú oko wọn. Bí ó ti pa ebè kan ni ó pa èkejì, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Kí ìyàn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, ọ̀pọ̀ sì ti fi ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gẹ́ tí àbúrò mi ń fẹ́ gan-an, onírúurú ni ó gbà á là. Àrùn kan wà tí ó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tí ó sì ń pọ́n ọn lójú. Ní àwọn ọdún 1930, ní Amani ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan tí ń hù nínú igbó, igi tí a ń kọ rọ́bà lára rẹ̀. Igi náà kò dára fún jíjẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le sí àrùn yìí. Ọmọ ìdàpọ̀ wọn dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà tí ó wá síṣẹ́ ní IITA ní 1971, ti mú un, tí ó sì ti ara rẹ̀ rí àwọn ẹ̀gẹ́ titun tí ó lè dúró ti àrùn. Inú àwọn ará Ìkirè dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ti gé ìbátan inú igbó yẹn tán nítorí pé kò wúlò fún jíjẹ, níbo ni à bá ti rí oògùn?

Ní ti owó ẹ̀gẹ́ pàápàá, ẹ jẹ́ kí á rántí. Ní 2002 ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ńlá kalẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́. Àgbẹ̀ jáde, wọ́n gbìn ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀gẹ́ fi pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà lọ, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gẹ́ nìkan wà ní oko rẹ̀ kò rí ibi sá sí. Àrùn kọ́ ni ó pa oko wọn, ọjà ni. Ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni.

Ẹnìkan lè wí pé ìjọba àti àwọn onímọ̀ ti ń bá wa tọ́jú irúgbìn. Lóòótọ́ ni. IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ní irú ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000 nípamọ́, àti irú iṣu tí ó lé ní 5,000. Ìjọba àpapọ̀ náà dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Moor Plantation ní 1987 fún iṣẹ́ yìí. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé iṣu kò ṣeé sá gbẹ, inú ìgò ni wọ́n ti ń tọ́ ọ bí ọmọ tí a bí láìpé oṣù, tàbí kí wọ́n máa gbìn ín lọ́dọọdún. Iṣẹ́ olówó gọbọi sì ni. Yàtọ̀ sí èyí, iṣu inú ìgò kò mọ̀ pé òjò ọdún yìí ti yí padà. Ti inú oko ni ó ń bá ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ jà, tí ó sì ń kọ́gbọ́n. Ó yẹ kí a ní méjèèjì.

Òfin náà wà níbẹ̀. Ní 2021 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó bá ṣẹ̀dá irúgbìn titun. Ó dára kí alágbára ọpọlọ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìyá àgbẹ̀ ńkọ́, ẹni tí òun àti ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti ń yan èébù láti ìgbà tí ẹnìkan kò rántí mọ́, tí wọn kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan? Òfin tí ó rí ọmọ tí kò rí ìyá kò tíì ríran tán.

Kí ni ṣíṣe? Ní tèmi, ọjà ni kí á kọ́kọ́ mú. Ìrẹsì Ìgbẹmọ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́: àwọn olùrà mọ̀ ọ́n lórúkọ, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ lórúkọ. Ohun tí ó bá ní orúkọ ni a lè dá owó lé. Bí àwọn olóúnjẹ Adó bá ń sọ irú iṣu tí wọ́n gún fún oníbàárà, tí oníbàárà sì mọ ìyàtọ̀, àgbẹ̀ yóò rí ìdí tí yóò fi gbin èyí tí ó ń parun. Lẹ́yìn èyí, kí á má fi ọdún ìjẹsu mọ sí ìlù àti ijó. Kí olúkúlùkù kó irú iṣu tí ó ní wá, kí a sì fún ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ní ẹ̀bùn, kí a ṣe pàṣípààrọ̀ èébù níbẹ̀.

Iṣẹ́ tiwa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sì le. Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àròkọ, kí a rán an sí ìyá àgbà kí ó lọ gba orúkọ iṣu, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ó kọ ìrísí wọn, ìgbà tí a ń gbìn wọ́n àti ohun tí a ń fi wọ́n sè. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì mi. Orúkọ iṣu tí ó wà nínú ìwé wa ti di mọ́kànlá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹni tí ó bá mọ ewùrà sójú ni òwe rẹ̀ ń dá lẹ́nu.

Ní oko tiwa, a ti fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Àbúrò mi gbin ẹ̀gẹ́ sí apá tí ó pọ̀ jù. Ó fi ọgọ́rùn-ún ebè sílẹ̀ fún gàǹbàrí, ìgángán, ewùrà àti èsúrú, èmi ni mo sì ń san owó àwọn tí ń kọ ebè náà lọ́dọọdún. Ó ń wò ó bóyá ọgọ́rùn-ún ebè yẹn yóò mú owó wá. Èmi náà ń wò ó. N kò lè búra pé yóò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ tí òjò bá dá, tàbí tí owó ẹ̀gẹ́ bá já, a óò ní ibi tí a ó gbà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a kò fi èébù hàn yóò sè é jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi hàn wọ́n nígbà tí ó ṣì wà.