Irin Tó Ń Dá Ilẹ̀kùn Màámá Dúró

Kò sẹ́ni tó wọ ilé wa ní Agbowó tí kò tíì fẹsẹ̀ kọ irin yẹn rí. Màámá àgbà, ìyá Dádì mi, ló fi ń dá ilẹ̀kùn yàrá wọn dúró kí atẹ́gùn má baà tì í. Màámá ti di olóògbé, Dádì sì fẹ́ kó yàrá náà kí wọ́n lè fi háyà fún àwọn ọmọ Yunifásítì. Ẹ mọ àdúgbò wa, yàrá kì í ṣófo pẹ́ níbẹ̀. Oníkọ́ndẹ́ẹ̀mù wá wọn irin náà, ó ní òun á san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Dádì ní kó máa gbé e lọ. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́.

Ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, etí orí náà sì ti yí sísàlẹ̀ bíi ti olú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí ṣóńṣó, kò lè dá dúró. Ńṣe ni Màámá máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi wá a lórí Google. Anvil òyìnbó tó ní ìwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló gbé wá, tiwa ò dẹ̀ ní ìwo. Ọ̀rẹ́ mi kan (ó mọ ara ẹ̀) ní bọ́ǹbù ni.

Tíṣà Yorùbá wa ní kí n gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ. Mo dì í sínú àpò ìrẹsì, mo wọ Micra lọ sẹ́yìn Ọjà Ọba. Ìkíni tí a kọ́ ní kíláàsì wúlò o: "Àrọyè o!" Bàbá tó wà nídìí iná rẹ́rìn-ín. "Ògún á gbè ọ́ o, ọmọ mi." Ẹwìrì ò sí níbẹ̀ mọ́, àgbá kẹ̀kẹ́ ni ọmọṣẹ́ wọn ń yí láti fi fẹ́ná.

Bàbá ò wò ó pẹ́. Wọ́n dorí ṣóńṣó rẹ̀ kọlẹ̀, wọ́n rì í mọ́ ilẹ̀, wọ́n fi ọmọ owú lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ró gooro bí agogo.

"Owú nìyí."

"Owú kẹ̀? Ta ló ń jowú?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ṣàlàyé pé owú ni irin tí alágbẹ̀dẹ ń gbé iṣẹ́ lé tó bá fẹ́ lù ú. Ìtì igi ni wọ́n ń rì í mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rí ṣóńṣó. Etí tó yí sísàlẹ̀ yẹn, lílù ọdún púpọ̀ ló ṣe é. Gígé irin réluwéè ni tiwọn. (Láti 1901 ni réluwéè ti dé Ìbàdàn.) Tíṣà wa tún sọ fún mi lẹ́yìn náà pé irin ńlá kan wà láàfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn, pé ìtàn ní owú Ládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà, ni.

"Ta ló ni èyí?" Bàbá bi mí. Mi ò mọ̀. Wọ́n ní a kì í ṣàdédé rí owú nínú ilé, ọmọ ló ń jogún ẹ̀.

Dádì ní kò sí alágbẹ̀dẹ kankan nínú ìdílé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń palẹ̀ àpótí Màámá mọ́, mo rí ripọ́ọ̀tù káàdì Dádì nígbà tí wọ́n wà ní ìwé mẹ́rin. Ògún ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé tó wà lórí ẹ̀. Olú ló bẹ̀rẹ̀ tiwa báyìí. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì ló ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀ ni àwọn ṣe yí i kí àwọn tó ṣe WAEC.

"Bàbá mi àgbà ló ń lo irin yẹn," ni wọ́n sọ. "Ìró ẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀."

Wọn ò tíì sọ nǹkan mìíràn lé e. Àmọ́ ní Sátidé tó kọjá, bí oníkọ́ndẹ́ẹ̀mù ṣe ń pariwo bọ̀ ládùúgbò, Dádì ní kí n lọ ti géètì.