Láti Etí Ọ̀sà Ibeshe: Ọpẹ́ fún Àwọn Tí Wọ́n Dúró Sí Etí Pápá

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ibeshe ní Ìkòròdú, ẹ má ṣe bèèrè ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì o. Ibese ti sìmẹ́ńtì wà ní ọ̀nà Ìlarò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, orúkọ méjèèjì sì ti ṣi ọ̀pọ̀ àlejò lọ́nà. Ibeshe tiwa, etí ọ̀sà ni. Iṣẹ́ ẹja pípa ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì sì ti sú a máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté lọ sí ibi iṣẹ́ wọn.

Ní òdìkejì omi yẹn, ní Erékùṣù Èkó, ni ilé ìwòsàn St. Nicholas wà. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ fi kíndìnrín ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn ní Nàìjíríà, ní ọdún 2000. Ní 2002, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ṣe é. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sì tíì rí òmíràn gbà, ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń ti Ibeshe lọ sí Erékùṣù fún un, yóò sọdá ọ̀sà ní ìgbà tí ó lé ní 150 lọ́dún kan, ká má tíì sọ ti àbọ̀. Owó rẹ̀ kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ ni agbára wọn kò ká ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn.

Ta ni yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lè sá eré ìje? Ní ọdún 1978, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Maurice Slapak kó 99 ènìyàn láti orílẹ̀-èdè márùn-ún jọ sí Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn ni ó ń gbé ẹ̀yà ara tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kiri, gbogbo wọn ni ó sì wá díje. Láti ibẹ̀ ni ìdíje àgbáyé àwọn tí wọ́n gba ẹ̀yà ara ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2013 ni ó kọ́kọ́ dé Áfíríkà, ní ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà, létí Òkun Íńdíà.

Ó yẹ orílẹ̀-èdè náà. Ní Cape Town, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, Dókítà Christiaan Barnard fi ọkàn ènìyàn sí àyà ẹlòmíràn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Denise Darvall, ni ó ni ọkàn náà. Mọ́tò gbá òun àti ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọdá títì. Ìyá kú lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì sọ fún bàbá pé ọmọ náà kò lè yè. Nínú ìbànújẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, bàbá náà gbà pé kí wọ́n mú un. Louis Washkansky tí ó gba ọkàn náà lo ọjọ́ 18 péré. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun yìí lọ sí ara ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ní ilẹ̀ tí òfin kò fi jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó lórí àga kan náà.

Nítorí náà, bí a bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ìdíje yìí, àwọn tí wọ́n fún ni ní ẹ̀yà ara ni kí a kọ́kọ́ kí, àti ẹbí wọn. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ọjà. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàápàá ka títà á léèwọ̀.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ wọn fi nira ju ti ìdíje mìíràn lọ. Ẹni tí ó gba ẹ̀yà ara ń lo oògùn lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ má baà kọ àlejò náà. Oògùn yìí kan náà ni ó ń sọ agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà di aláìlágbára. Omi tí kò mọ́, tí yóò kàn run ẹlòmíràn nínú, lè gbé òun dé ilé ìwòsàn. Oòrùn gbígbóná lè pa awọ ara rẹ̀ lára gidigidi. Ẹni tí ń gbé omi fún wọn létí pápá, tí ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì wá ibòji fún wọn, ẹ̀mí ènìyàn ni ó dì mú yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lọ́nà kí àkókò oògùn má baà kọjá.

Àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbé arọ nì lọ bá Jésù, tí wọ́n sì dá òrùlé onílé lu, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Èmi a tilẹ̀ máa ṣàánú onílé náà.

Ẹ̀yin tí ẹ pàdé àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wọn bí àgékù irin tí wọ́n jù ṣe jìnnà tó, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò ká okùn òpin ìje kúrò títí ẹni ìkẹyìn fi dé, tí ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé òun ni ó ṣíwájú, ẹ kú ìdúró.