Ìyá Ṣì Ni Onílé

Àwọn àgbà ní ẹni a bá lábà ni baba. Ọ̀rọ̀ náà dára fún àlejò tó dé oko tí kò mọ ẹni tí yóò kí, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó. Bí òbí bá dàgbà tó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ìbátan tó kù sínú ilé rẹ̀ ni àwọn ayálégbé ń bá lábà. Òun ni wọ́n ń pè ní Lánlọ́ọ̀dù, òun ni ajẹ́ńtì ń wá rí. Nígbà tí yóò bá fi tó ọdún mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ yóò ti gba orúkọ náà gbọ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló dé bá obìnrin olùkọ́ kan. Ìyá rẹ̀, tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, fi èrè òwò aṣọ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ṣómólú, fúláàtì 4 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí màmá lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìkòròdú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó fi fúláàtì òkè sílẹ̀ fún, nítorí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 11 ni ọkùnrin náà fi gbé ibẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tó bá a wí; ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Owó oògùn ló tú àṣírí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ gbówó lórí, owó ilé Ṣómólú ni màmá sì gbójú lé. Ọmọ rẹ̀ lọ gba owó náà, ó sì bá ohun tí kò retí. Méjì nínú àwọn ayálégbé ní àwọn ti san tiwọn fún bọ̀dá. Nígbà tó bi bọ̀dá léèrè, èsì rẹ̀ kò gùn: “Àbúrò, owó bàbá mi ló kọ́ ilé yìí. Ilé ẹbí ni. Ẹ ò lè lé mi kúrò nínú ogún bàbá mi.”

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ohun tó mú kó le nìyẹn. Bàbá ọkùnrin náà ló fún àbúrò rẹ̀ ní owó tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò aṣọ, màmá kò sì fi èyí pa mọ́ rí. Ṣùgbọ́n oore ọ̀tọ̀, ìpín ọ̀tọ̀. Orúkọ màmá nìkan ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn. Nínú àṣà àti òfin ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn ikú ẹni tó ni ilé, bí kò bá ṣe ìwé ìhágún, ni ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ máa ń di ilé ẹbí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹbí yẹn, kì í ṣe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣì wà láàyè, tirẹ̀ ni.

Àbúrò olùkọ́ náà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á nímọ̀ràn lórí fóònù pé kí wọ́n gé iná, kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì pe ọlọ́pàá. Ìmọ̀ràn tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n ni. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 sọ pé ẹni tó bá fi tipátipá lé olùgbé jáde, tàbí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé jẹ́ mọ́ ọn lórí, lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ẹni tí a kàn gbà láyè láìsan owó pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 kí a tó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọlọ́pàá kò sì ní agbára láti lé ènìyàn kúrò nínú ilé láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́.

Agbẹjọ́rò tí obìnrin náà tọ̀ lọ kò kọ́kọ́ béèrè nípa bọ̀dá rárá. Ó ní: “Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ta ló fún yín láṣẹ?” Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń gba owó ilé àti ìbátan tó ń gbé inú ilé, orí ẹnu màmá ni àwọn méjèèjì dúró sí. Bí ọ̀kan bá lè sọ ara rẹ̀ di onílé, èkejì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ní láti buwọ́ lu ìwé tó fi ọmọ rẹ̀ ṣe aṣojú, kó sì tètè ṣe é, torí pé ìgbàgbé ti ń yọjú. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò bá jí pépé mọ́ kò lè fúnni ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá sì kú ni àṣẹ náà parí.

Lọ́jọ́ tí màmá fẹ́ buwọ́ lùwé, wọ́n bi í ní ohun tó fẹ́. Ó ní: “Mo fẹ́ ilé mi. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ẹrù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi síta.” Gbólóhùn méjèèjì yìí ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà.

Wọ́n pe àwọn àgbà ẹbí jọ, wọ́n ka ìwé ilẹ̀ sí wọn létí. Màmá fi ìwé gba àyè tó fún ọkùnrin náà padà, ó sì fún un ní oṣù 6. Àwọn ayálégbé gba lẹ́tà pé àpò màmá ní báńkì ni kí wọ́n máa sanwó sí. Àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n ní àwọn yóò san owó ọdún kan fún yàrá àti pálọ̀ níbòmíràn, kí oore bàbá rẹ̀ má baà dà bí ohun tí a gbàgbé. Oṣù 6 pé, kò jáde. Wọ́n gba ibùdó ìpẹ̀tùsááwọ̀ lọ, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí aráàlú kì í ti í sanwó. Ibẹ̀ ló ti buwọ́ lu àdéhùn. Ó kó jáde lẹ́yìn oṣù 2.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọn kò dé kóòtù, síbẹ̀ ọdún tuntun dé, bọ̀dá kò wá kí màmá. Màmá sì ń béèrè rẹ̀. Òfin lè dá ilé padà fún onílé. Kò lè dá ìbátan padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ilé òbí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìjà. Kí òbí fi ìwé yàn yín nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Bí ìbátan bá sì ń kó ẹrù wọlé, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ẹni tó ni ilé, ẹni tó fúnni láyè, àti iye ìgbà tí àyè náà yóò fi wà. Ojú lè tì yín díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ kan kò tó ìjà ọdún 11.