Níbo Ni Ìwé Ilé Bàbá Wa Wà?

Nígbà tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní kí a kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí ọdún yìí, a kọ́kọ́ rò ó pé kí a kọ nípa àṣà tàbí èdè, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọdún mélòó kan, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni ó kàn. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìwé ilé.

Àwa ọmọ márùn-ún ni bàbá wa bí, Kaduna níhìn-ín ni wọ́n sì bí gbogbo wa sí. Ẹni tí ó di gègé mú nínú wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó gba dípúlómà ní Kaduna Polytechnic, fáìlì ni ó sì ń tọ́jú láti ìgbà tí ó ti wọ iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá béèrè fáìlì tí ó ti pé ogún ọdún, a ó fà á yọ fún un. Ṣùgbọ́n fáìlì ilé bàbá tí ó bí wa, a kò mọ ibi tí ó wà. Ìtìjú ni, àmọ́ òótọ́ ni.

Láti agbègbè Ọ̀yọ́ ni Bàbá ti wá ní ọdún 1961. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wọn wá, iṣẹ́ Réluwé náà ni wọ́n sì ṣe ní Kaduna Junction. Ní ọdún 1974, wọ́n ra ilé oníyàrá mẹ́fà ní Tudun Wada lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀fà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni Bàbá máa ń pe ọkùnrin náà. Wọ́n pe ẹlẹ́rìí mẹ́ta, wọ́n kọ àdéhùn sí ojú ìwé kan ṣoṣo, wọ́n lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i lórí sítáǹpù náà. Ẹ̀gbọ́n yẹn kó ìwé ìjọba tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n jẹ obì, ó parí. Àpótí onígi tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ṣáríà, aṣọ ọrùn wa nìkan ni a wọ̀ dé Sabon Tasha. Wọ́n ti iná bọ yàrá iwájú, níbi tí àpótí náà wà. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Hausa ni wọ́n pọn omi sí garawa tí wọ́n fi pa iná náà kí ó tó ran yàrá yòókù. Ọlọ́run kò ní gbàgbé wọn. Ilé kù, ṣùgbọ́n ìwé ti jóná.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìlú pín sí méjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ta ilé wọn ní owó tí kò tó owó páànù orí rẹ̀. Wọ́n wá bá Bàbá náà, Bàbá ní àwọn kò tà. Wọ́n fi ilé náà háyà, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi parí ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wa. Ní ọdún 2009, Bàbá jáde láyé. A ṣe òkú wọn dáadáa, a pa màlúù, a da aṣọ ẹbí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè ìwé ilé.

Ohun tí ó ta wá jí ni KADGIS. Ọdún 2015 ni ìjọba Gómìnà Nasir El-Rufai dá a sílẹ̀, láti kó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí onílé mú ìwé àtijọ́ wá kí wọ́n lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀. A wo ara wa lójú. Kí ni a ó mú lọ?

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé a wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ǹtì gba ₦45,000 lọ́wọ́ wa, ó ní òun mọ àwọn tí yóò fa fáìlì náà jáde. Títí di òní a kò rí i mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin sọ pé, “Ṣé ẹ ti bi Màmá?”

A kò bi Màmá. A rò pé ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Màmá dìde láìwí nǹkan kan, wọ́n lọ gbé agolo Bournvita kan wá láti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kakuri. Inú agolo náà ni rìsíìtì owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì wà, láti ọdún 1976 títí di 1999, tí wọ́n fi rọ́bà dì. Àwọn ni wọ́n máa ń yà san án bí wọ́n bá ń lọ sí ọjà. Orúkọ Bàbá wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ilé wà níbẹ̀, lára àwọn ti àtijọ́ ni a sì ti rí nọ́ńbà ilẹ̀ gan-an, èyí tí ìjọba fi pín in.

Níbí ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ ilé lè wà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe.

Èkíní ni ìjọba ìbílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi ìdíyelé ilé, fún gbígba owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé ìdíyelé wọn máa ń sọ ilé tí ó wà, iye tí wọ́n dá lé e, àti ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lè jẹ́ onílé, ó sì lè jẹ́ ayálégbé. Rìsíìtì tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì kì í sọ ènìyàn di onílé. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí pé ẹni báyìí ni ó ń gbé ibẹ̀ láti ọdún báyìí, ó sì lè fi ọ̀nà hàn ni, bí ó ti ṣe fún wa.

Èkejì ni ọ̀dọ̀ Mai Unguwa. Ìwé tí ó bá fọwọ́ sí, ìwé ẹ̀rí ni. Ọmọ Mai Unguwa ìgbà náà ṣì rántí ọjọ́ tí Bàbá kó wọ ilé, ó sì bá wa jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nínú ìlú, kì í ṣe òun ni ó ń fúnni ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ́fíìsì ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀, níbi tí fáìlì gan-an wà. Ènìyàn yóò kọ lẹ́tà, yóò sọ nọ́ńbà ilẹ̀ tàbí ti C of O, yóò san owó, yóò sì gba rìsíìtì. Wọn yóò yẹ ìwé wò. Èyí ni àwọn lọ́yà ń pè ní sáàṣì. Yóò fi hàn ta ni ìjọba mọ̀ sí onílẹ̀, ọdún mélòó ni wọ́n fi fún un, bóyá báǹkì ti gbé ẹsẹ̀ lé e, àti bóyá ó jẹ gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún.

A ṣe sáàṣì. Èsì jáde. Orúkọ tí ó wà nínú fáìlì kì í ṣe ti bàbá wa. Ti ọmọ Ọ̀fà ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín. Nígbà tí Bàbá ra ilé, òfin ilẹ̀ ti Àríwá tí wọ́n ṣe ní ọdún 1962 ni ó wà lórí oyè. Òfin náà ya ọmọ ẹ̀yà Àríwá sọ́tọ̀ kúrò lára àjòjì, orírun bàbá ẹni ni wọ́n sì fi ń wò ó. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà wà lábẹ́ Àríwá nígbà náà. Àwa tí a ti Ìwọ̀-Oòrùn wá jẹ́ àjòjì. Yorùbá kan náà, èdè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni lójú òfin. Kí ilẹ̀ tó lè kọjá sí ọwọ́ àjòjì, àṣẹ ìjọba gbọ́dọ̀ wà. Ó jọ pé Bàbá rò pé àdéhùn láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti tó. Nígbà tí ó di ọdún 1978, òfin tuntun kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ Gómìnà, fún ànfààní ará ìlú. Láti ìgbà náà, àṣẹ Gómìnà gbọ́dọ̀ wà kí a tó ta ilé tí ó ní ìwé. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, pé ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ ṣáájú 1978 pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, fún ọdún mẹ́tàlélógójì, inú ilé tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ ni a wà. Bí àwọn ọmọ Ọ̀fà yẹn bá fẹ́, wọ́n lè ta á mọ́ wa lórí.

Ní ọdún 2017, àwa mẹ́ta gbéra lọ sí Ọ̀fà. Abuja àti Lokoja ni a gbà, nítorí ọ̀nà Birnin Gwari ti di ọ̀nà ajínigbé. Ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà láyé, arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. A dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé, a gbé rìsíìtì Màmá kalẹ̀. Àwọn ọmọ fetí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, “Tí orúkọ bàbá wa bá ṣì wà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe tiwa ni?” A kò bínú sí i. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, a lè béèrè bẹ́ẹ̀.

Màmá àgbà náà ni wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní, “Owó ilé Kaduna ni bàbá yín fi kọ́ ilé tí ẹ jókòó sí yìí. Ẹ fọwọ́ sí i fún wọn.”

Wọ́n fọwọ́ sí i. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan: àwọn àti àwa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù gíga. A búra ní kóòtù lórí ìwé tí ó jóná, a gba ìwé ọlọ́pàá, lọ́yà kọ ìwé tuntun, a tọrọ àṣẹ Gómìnà, a sì san owó ilẹ̀ tí ó ti gorí ara wọn. Ó gbà tó ọdún méjì. Nígbà tí ìwé jáde, a kọ́kọ́ mú un lọ fún Màmá. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n ní kí a bá àwọn ká orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí a kúrò ní Ọ̀fà, ìyá àgbà náà jáde láyé. Ẹ bá wa rò ó: bí a bá pẹ́ ọdún kan sí i, ta ni ìbá sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ?

Ẹ̀yin ará wa, ìwé tí ó wà nínú àpótí ń jóná, ikán ń jẹ ẹ́. Àkọsílẹ̀ tí ó wà ní ọ́fíìsì ni kí á mọ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n nínú ọdún yìí, ẹ béèrè nọ́ńbà ilẹ̀, ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìlú tí ẹni náà ti wá. Ẹ bi ìyá yín pẹ̀lú. Ẹ lọ ṣe sáàṣì fúnra yín, ẹ gba rìsíìtì fún kọ́bọ̀ tí ẹ bá san. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe bínú bí ọmọ bá béèrè. Kì í ṣe ikú yín ni ó ń wá. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣe làálàá ní ìdálẹ̀ fún ẹlòmíràn jẹ. Kí ó dá ẹgbẹ́ wa sí, kí ó sì fún Kaduna ní àlàáfíà. Àmín.